Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Pè Ní Bàtà

Nílé àdúrà tí mo ń gbé ní Họ́láńdì, ẹnu ọ̀nà ni ẹsẹ̀ òsì mi máa ń wà ní ọjọ́ Ìsinmi, láàárín bàtà àwọn èèyàn. Èmi á wà nínú ilé lórí àga, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn mi. Bí ìsìn bá parí, màá jókòó máa wo àwọn ará bí wọ́n ṣe ń wá bàtà wọn, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tiwọn ti ẹsẹ̀ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàtà tí òjò pa, bàtà ẹlẹ́rẹ̀, bàtà àwọn tó ti ibi iṣẹ́ wá láìwẹ̀. Inú ẹsẹ̀ mi jìn bí ife, òórùn yẹn á sì wọ inú rẹ̀ lọ jókòó. Òun ni màá fi sára títí ọjọ́ Ìsinmi mìíràn á fi dé. Ó ti pẹ́ gan-an báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá dé ibi tí bàtà pọ̀ sí títí di òní, èébì máa ń gbé mi.

Ọmọbìnrin Odigbo ni mí. Ilé ìtajà kòkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kí n tó kúrò nílé. Èmi ni mò ń wọn kòkó àwọn àgbẹ̀ tó ń wá láti Ajue àti Araromi-Obu. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kò kà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo mọ òṣùwọ̀n. Bí ẹnìkan bá fi òkúta sísàlẹ̀ àpò, ọwọ́ mi á ti mọ̀ kí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n tó dúró.

Ọkọ̀ agbégi kan tó ń sá fún àwọn ṣọ́jà ní oríta Ore ló gun ẹsẹ̀ mi. Ayé ìjọba ológun ni, ayé ọ̀wọ́n gógó, nígbà tí wọ́n ń sọ lórí rédíò pé kí aráàlú fara dà á, tí àwọn tó ń sọ ọ́ sì ń sanra sí i. Egungun tó ṣẹ́ yẹn ìbá san. Ilé ìwòsàn tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ ló pa ẹsẹ̀ náà. Wọ́n ní kí ìyá mi lọ ra òwú, ó ra òwú. Wọ́n ní kó ra bándéèjì, kó ra abẹ́rẹ́, kó ra kẹrosíìnì tí wọ́n máa fi se ohun èlò wọn. Kó tó rí kẹrosíìnì, ó ti tò títí, ṣọ́jà sì ti fi kòbókò na àwọn obìnrin tó wà níwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń dúdú lọ ní gbogbo ìgbà yẹn. Eṣinṣin ń bà á. Èmi fúnra mi ń gbọ́ òórùn rẹ̀, mo sì ń kọjú sí ògiri. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Bí mo ṣe di èrò Họ́láńdì kò gba àlàyé gígùn. Ilé àdúrà ìyá mi ní ẹ̀ka kan níbẹ̀. Wòlíì tó ń darí ẹ̀ka náà wá ṣe ìkórè lọ́dọ̀ wa, ó rí mi lórí ọ̀pá, ó ní òun á mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó fi orí kan ilẹ̀. Wòlíì sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. N kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu níbẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ni. Ìyá tí orí rẹ̀ ti funfun báláú, tó yẹ kó jókòó síbi kan kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá fún un, ló gun kẹ̀kẹ́ ológeere kọjá lójú fèrèsé mi nínú òjò, tó di ẹ̀fọ́ sẹ́yìn, tó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ikun. Kò sẹ́ni tó wò ó. Nílé wa, ẹni tí kò bá lè ra alùpùpù ló ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko, á sì máa fi ojú bẹ àwọn tó bá pàdé pé kí wọ́n má rí òun.

Ọkùnrin tó ṣe ẹsẹ̀ mi ń jẹ́ Píítà. Ó ga, ó jọ ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí, ó sì ń jẹ súìtì dúdú kan tó níyọ̀ nínú. Ó fún mi ní ọ̀kan. Mo tu ú sọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ó fi ìka kan bàtà tí mo wọ̀. “Gìgísẹ̀ bàtà yìí ni mo fi díwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ. Bí o bá bọ́ bàtà kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ á fì ọ́ sẹ́yìn. Má fi í rìn láìsí bàtà.”

Mo ní mo ti gbọ́.

Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti dé ni Wòlíì ti ń gbé mi kiri. Á fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí àwọn ìjọ tó wà ní ìlú mìíràn, wọ́n á gbé mi síwájú, á ní kí n ká aṣọ sókè, kí n bọ́ ẹsẹ̀, kí n tún wọ̀ ọ́. “Ẹ wá wo ibi tí Olúwa bá a dé!” Àwọn èèyàn á na ọrùn. Lẹ́yìn náà ni igbá ọrẹ á kọjá. Ìyá kan fi ìka kan kùkùté ẹsẹ̀ mi, ó sì fi ìka náà pa ọmọ rẹ̀ lórí. Lọ́jọ́ yẹn, mo fọ kùkùté náà títí awọ rẹ̀ fi pọ́n.

Sísítà Bọ́sẹ̀ ló wá bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ọmọ ìjọ ni, ó jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìlẹ̀kùn. Inú ilé onígíláàsì tí wọ́n ti ń gbin òdòdó ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ìsàlẹ̀ odò lẹ́yìn ìlú. Ìjókòó ni wọ́n fi ń to òdòdó náà.

Ó ní, “Àbúrò mi, ìwọ tí wọ́n ń gbé kiri bí àpótí ọrẹ yìí, ṣé kò tíì rẹ̀ ọ́?”

“Ó ti rẹ̀ mí, Sísítà. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kì í dé ibẹ̀.”

“Ta ní ń wọ bọ́ọ̀sì? Kẹ̀kẹ́ kan wà lẹ́yìn ilé mi tó ń dógùn-ún. Wá gbé e.”

“Ẹsẹ̀ kan?”

“Ẹsẹ̀ kan náà ni Wòlíì fi ń jẹun. Ìwọ náà fi jẹ.”

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: bí mo bá ń dé ibi iṣẹ́ kí agogo tó dún ní àràárọ̀, títí ìgbà òdòdó á fi parí, ọ̀gá á gbà mí pátápátá, wọ́n sì ní yàrá lẹ́yìn oko fún ẹni tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí n kò bá lè dé ibẹ̀, ilé Wòlíì ni màá wà, màá sì máa ká aṣọ sókè.

Mo ti gun kẹ̀kẹ́ rí nígbà tí mo wà níléèwé, kí ẹsẹ̀ mi tó lọ. Mo rò pé ara á rántí. Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo rẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ pátápátá, kí ẹsẹ̀ mi lè máa kan ilẹ̀. Ẹ̀rù ló mú mi ṣe é. Bí ìjókòó bá relẹ̀, orúnkún á ká jù nígbà tí pẹ́dà bá dé òkè, etí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá á sì máa gé ẹ̀yìn orúnkún bí etí agolo. Mo tún ń fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, bí mo ṣe rí i tí àwọn ìyá àgbà ń ṣe. Ẹni tó ní ọrùn-ẹsẹ̀ nìyẹn wà fún. Tèmi kò ní ọrùn tó lè tẹ nǹkankan. Ńṣe ló ń yọ̀ kúrò, tí pẹ́dà á sì yí padà wá gbá mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ó ń ti kẹ̀kẹ́ síwájú, ó sì tún ń gbé ẹsẹ̀ òsì gòkè bí ẹni ru òkú. Kí n tó dé ìparí òpópónà wa, n kò ní èémí mọ́. Ẹni tó ti wọn kòkó rí mọ ìgbà tí apá kan ń jẹ apá kejì.

Mo ti kẹ̀kẹ́ náà lọ bá Píítà. Ó ní kí n gùn ún yí ọgbà wọn ká. Ó ń wò mí, ó ń jẹ súìtì rẹ̀.

Ó ní, “O ń bá kẹ̀kẹ́ jà. Dúró.”

Ó gbé ìjókòó sókè díẹ̀, ó ní kí n gùn ún, ó tún gbé e díẹ̀. Ó ní bó bá ga jù, ìdí mi á máa fì sọ́tùn-ún sósì. Bó bá relẹ̀ jù, orúnkún ni yóò jìyà rẹ̀. Ó yọ irin tó so pẹ́dà òsì mọ́ àárín kẹ̀kẹ́, ó fi èyí tó kúrú sí i, kí ẹsẹ̀ òsì lè máa yí òbìrí tó kéré, kí orúnkún má baà ga jù. Ó sún ẹsẹ̀ náà síwájú lórí pẹ́dà, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn àtẹ́lẹsẹ̀, lẹ́bàá gìgísẹ̀, ló ń tẹ̀ ẹ́. Ó de awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn kó má baà yọ̀, ṣùgbọ́n kò dè é le, kí n lè fà á yọ bí mo bá fẹ́ ṣubú. Ó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè, ó fà á sún mọ́ mi. Ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí n máa fi sọ̀ kalẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ títì, kì í ṣe òsì.

Mo bi í pé, “Ṣé òsì á wá máa ṣe bí ọ̀tún?”

“Rárá. Má retí ẹ̀. Ohun tí mo ń wá ni kó má di ẹrù sí ọ̀tún lọ́rùn.”

Mo gùn ún jáde lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà. Kẹ̀kẹ́ ń lọ. N kò rò ó mọ́. Mo dé iwájú ilé àdúrà, èémí mi ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo sọ fún ìyá mi lórí tẹlifóònù. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń wọ alùpùpù láti Odigbo wá sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan ní Ore tó ní ẹ̀rọ, á jókòó títí tèmi á fi wọlé. Ìkálẹ̀ ló ń sọ, ó ń pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí ohùn fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ mi.

“Kí lo ní o ń gùn?”

“Kẹ̀kẹ́ ni, ìyá mi.”

“Kẹ̀kẹ́ bí ti bàbá rẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi.”

“Ta ló ń tì ọ́ lẹ́yìn?”

“Ẹnikẹ́ni ò tì mí. Èmi ni mò ń wà á.”

Ó wá sọ pé epo bẹntiróòlù ti tún wọ́n, pé ọṣẹ kò sí, pé àwọn tíṣà kò tíì rí owó oṣù, wọ́n ti lọ ń ro oko. Kó tó kúrò lórí ẹ̀rọ, ó ní, “Má bá Wòlíì ṣàríyànjiyàn o. Òun ni èèyàn rẹ níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ síbi iṣẹ́. Lóòótọ́, àwọn ni èèyàn mi. Èdè mi ni wọ́n ń sọ. Wọ́n mọ bí púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, ṣe ń le lọ́wọ́. Bí ara mi kò bá yá, wọ́n á mọ orúkọ tí wọ́n máa fi pè mí. Àwọn òyìnbó tí mo ń bá to òdòdó kò mọ ìkankan nínú rẹ̀, wọn kò tilẹ̀ bi mí. Síbẹ̀, láàárín àwọn èèyàn mi ni mo ti ń rìn bí ẹran tí wọ́n gbé wá sọ́jà, láàárín àwọn tí kò mọ̀ mí ni mo sì ti ń jókòó bí èèyàn. Mo kórìíra pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó sàn kí èèyàn máa sá fún àjèjì ju kó máa sá fún ẹni tó ń kí i ní “ẹ kú àárọ̀”.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní n kò ní bọ́ ẹsẹ̀ mọ́.

Wòlíì ní, “Arábìnrin, ilẹ̀ mímọ́ ni.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Mo lè bọ́ bàtà bó bá ṣeé ṣe. Ẹsẹ̀ ni ẹ ń ní kí n bọ́.”

“Ohun tí èèyàn bá ń wọ̀, tó sì ń bọ́, bàtà ni.”

Bàbá Àkọ̀wé, tó dàgbà jù nínú wọn, ní, “Ẹsẹ̀ mà ni, Wòlíì. Ọlọ́run ló fi ọwọ́ òyìnbó ṣe é.”

“Ṣé ó lè ṣẹ̀jẹ̀? Ohun tí kò bá lè ṣẹ̀jẹ̀, bàtà ni.”

Sísítà Bọ́sẹ̀ fọhùn láti ẹ̀yìn: “Eyín Bàbá Àkọ̀wé náà ò lè ṣẹ̀jẹ̀, inú ife ló ń sùn. Ṣé kí wọ́n kó o sẹ́nu ọ̀nà ni?”

Bàbá Àkọ̀wé pa ẹnu dé kíá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sínú aṣọ. Wòlíì wá dájọ́ pé kí ẹsẹ̀ wọlé, kí bàtà abẹ́ rẹ̀ dúró síta. Mo sọ ohun tí Píítà sọ. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ á gbé mi dúró.

Ìgbàgbọ́ kọ́ ló ń gbé ẹsẹ̀ yẹn dúró, gìgísẹ̀ bàtà ni. Nígbà tí orin wọ̀, tí gbogbo ìjọ dìde, èmi náà dìde. Gìgísẹ̀ rì, orúnkún mi ta sẹ́yìn, mo sì wó lulẹ̀ gbalaja.

“Haleluya! Ẹ̀mí ti bà lé e!”

Wọ́n ju aṣọ funfun bò mí. Ọkùnrin méjì di èjìká mi mú, kí Ẹ̀mí lè parí iṣẹ́ rẹ̀. Òógùn wọn ń kán sí mi lójú.

Mo ní, “Ẹ bá mi mú bàtà mi wá.”

“Ó ń sọ̀rọ̀! Ẹ dákẹ́, ó ń sọ̀rọ̀!”

“Mo ní ẹ bá mi mú bàtà mi!”

Wòlíì ní ìran ni, òun á túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi di mímọ́. Àwọn tó ti ń fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń tẹrí ba fún un. Ìyá Ìjọ, tó ń se oúnjẹ fún wa nínú ilé, obìnrin tí kò ní ibi lọ́kàn, wọ yàrá mi lọ nígbà tí mo ń wẹ̀, ó sì da òróró àdúrà sínú ẹsẹ̀ náà. N kò mọ̀. Mo wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ mi. Bí mo ṣe ń tẹ pẹ́dà, kùkùté ń yọ̀ nínú rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ọmọ odó nínú odó. Mo rò pé òógùn ni. Agogo ń dúró dè mí, n kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí mo bọ́ ọ níbi iṣẹ́, awọ tẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀.

Ó kẹ̀. Ó ṣọyún. Òórùn tí mo ti rò pé mo fi sílẹ̀ ní Ore ló jí mi lórí ibùsùn. Píítà ní n kò gbọdọ̀ wọ ẹsẹ̀ títí awọ á fi jinná. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ gbọ́, ó káàánú, ó sì ní òun á fi ààyè mi sílẹ̀ di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Bí n kò bá dé kí agogo tó dún lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn á jókòó síbẹ̀.

Mo bi Ìyá Ìjọ pé kí ló dé tó fi da òróró sí i. Ó sunkún, ó ní òun rò pé ó gbẹ jù ni. N kò lè bínú sí i, ìyẹn sì tún dùn mí.

Wòlíì ló parí gbogbo rẹ̀. Ó wọlé wá kí mi, ó rí ẹsẹ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé e, ó wo inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ tàn.

“Ó ti ń ṣẹ̀jẹ̀!” Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. “Ẹsẹ̀ yìí ti ń di ẹran ara! Ẹ má fọ̀ ọ́ o! Bó ṣe wà yìí la máa gbé e lọ sí àjọ̀dún.”

“Bàbá, ẹ̀jẹ̀ mi ni. Òróró yín ló bó mi lára.”

“Ẹ̀jẹ̀ rẹ lára rẹ̀, ṣé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu?”

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣe àwàdà. Kò ṣe àwàdà. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ mi fún mi. Ó ní ti Olúwa ni. Mo fò lórí ẹsẹ̀ kan títí mo fi dé iwájú rẹ̀, mo sì já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò fọwọ́ kan aṣojú Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ó tutù bí ẹja.

Ó ní, “Bí o bá jáde níbí, ta ló mọ̀ ọ́ nílùú yìí?”

Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ náà níṣojú rẹ̀. Sísítà Bọ́sẹ̀ wá kó mi lọ sí ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo sọ fún ìyá mi lórí tẹlifóònù pé mo ti kúrò níbẹ̀. Mo ń gbọ́ fèrè àwọn ọkọ̀ ní oríta.

“Ta ni yóò máa gbàdúrà fún ọ?”

“Ẹ̀yin ni, ìyá mi.”

“Èmi nìkan?”

“Ó tó mi.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó wá bi mí bóyá ibi tí mo ń sùn gbóná.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, awọ náà ti jinná, ṣùgbọ́n ó ṣì rọ̀. Mo kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo dé kí agogo tó dún, mo sì ń dé bẹ́ẹ̀ títí ìgbà òdòdó fi parí, wọ́n gbà mí, wọ́n fún mi ní yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n afárá orí odò ni mo fẹ́ sọ. Ibẹ̀ ga, atẹ́gùn sì ń kọjú sí mi. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń gba ibẹ̀, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́. Ní àárọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn, n kò sọ̀ kalẹ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún ń ṣiṣẹ́, òsì ń tẹ̀ lé e láìdi ẹrù, mo sì gba àárín ọ̀nà kẹ̀kẹ́ láìmọ̀.

Bàbá òyìnbó kan ń fi agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ hàn mí léèmọ̀ lẹ́yìn. Kò rí àyè kọjá. Nígbà tó kọjá tán, ó yíjú padà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó jágbe mọ́ mi ní èdè wọn pé kí n gba apá ọ̀tún, ṣé èmi nìkan ni mo ni afárá ni, irú ìwà òmùgọ̀ wo lèyí! Kò wo ẹsẹ̀ mi. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí èèyàn lè wò. Obìnrin kan tó dí ọ̀nà ló rí.

Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ agbégi yẹn ti gùn mí, ẹnikẹ́ni kò tíì bínú sí mi bẹ́ẹ̀. Ìbínú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo fi Ìkálẹ̀ bú u padà, ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀, mo sì gba apá ọ̀tún.